Bí Màmá Ẹ̀pẹ́ Ṣe Ń Pín Agbábọ́ọ̀lù

Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló gbé ìyá tó bí ìyá mi lọ sí ibojì. Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ o. Àwọn géńdé tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún ni, ikùn àwọn mìíràn ti yọ síwájú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún Màmá rí létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé Màmá lé èjìká ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀.

"Sàlíù, bọ́ sẹ́yìn jàre. Ṣebí ẹ̀yìn lo máa ń dúró sí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Màmá fúnra wọn ló ní kí n máa lọ síwájú."

"Lọ́jọ́ wo? Ọjọ́ tó o gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa?"

Lẹ́mọ́mù wẹ̀yìn wò wọ́n, wọ́n dákẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Sàlíù ṣáà dúró síwájú.

Tájú, ọmọ mi, kò bá wọn gbé Màmá. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kì í ká dáadáa mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò fi wá kí Màmá, nítorí ó gbà pé Màmá ni wọ́n ba ẹsẹ̀ òun jẹ́. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní Ìkòròdú náà, láti Agric títí dé Ìpakodò, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí Màmá jẹ́, kí ẹ lè fi òye ara yín sọ bóyá wọ́n lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Múfú, àbúrò ìyá mi, ti ṣe ìyẹn nínú ìwé pélébé tó pín níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Fọ́tò Màmá méjì ló wà nínú rẹ̀, ti Múfú jẹ́ méje.

Alhaja Ràbíátù ni orúkọ wọn. Ẹja ni wọ́n ń yan tà. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi dàgbà ní Ẹ̀pẹ́, kí n tó lọ kàwé, kí n tó wá di olùkọ́ ní Ìkòròdú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Inú ẹ̀yìnkùlé ilé ẹja wọn, níbi tí iyanrìn ti tẹ́ lọ dé etí omi, ni Múfú ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Àbíkẹ́yìn Màmá ni Múfú, mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, síbẹ̀ ó ń retí kí n máa kúnlẹ̀ kí òun. Òun ni kóòṣì. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi mọ ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà. Múfú á fọn fèrè, àwọn ọmọ á wo ojú Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí wọ́n tó dúró.

Títí Màmá fi kú, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọfúsáìdì. Mo gbìyànjú lọ́jọ́ kan, mo to ẹja òbòkún mẹ́ta sórí tábìlì, mo ní èyí ni gólkípà, èyí ni dìfẹ́ńdà. Wọ́n ní kí n dá ẹja àwọn padà sínú apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọmọ yàn. Bọ́ọ̀lù a máa bọ́ sínú ọ̀sà lemọ́lemọ́ lórí pápá yẹn, ohun tí Màmá sì ń wò kò ju ẹni tó máa wọ omi lọ mú un. Ọmọ àwọn Ìlàjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Díméjì, láti abúlé apẹja. Díméjì á ti wà nínú omi kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ síbẹ̀, bóyá òun ló gbá a o, bóyá òun kọ́. Nígbà kan, àlejò kan láti Ìkòròdú ń yin ọmọ mìíràn, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Màmá ń yí ẹja padà lórí ààrò, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ọ̀lù bọ́ sómi, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kó ọwọ́ lé ìbàdí. Ẹ máa mú un lọ."

Àlejò yẹn ni Ọ̀gá Ṣóyẹmí, ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, tó tún ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀. Òun àti Màmá wá pinnu láti jọ máa ní àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù pọ̀. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá rí, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti Ẹ̀pẹ́, ìdajì jẹ́ ti Ìkòròdú. Yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún méjì nínú ikọ̀ kejì ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò pín wọn. Àwọn tó bá bọ́ sọ́wọ́ Ṣóyẹmí yóò wọ ikọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti máa ń wá wo ọmọ. Àwọn tó bá kù, Màmá á fi wọ́n sínú ikọ̀ àkọ́kọ́ Múfú ní Ẹ̀pẹ́, tàbí kí wọ́n yá wọn fún ẹgbẹ́ kékeré níbòmíràn.

Ọgbọ́n pínpín náà, inú òwò ẹja ni wọ́n ti mú un wá. Bí obìnrin méjì bá jọ ra ẹja inú ọkọ̀ kan, ọ̀kan á pín in sí òkìtì méjì, èkejì ni yóò kọ́kọ́ mú. Ẹni tó pín in kò mọ èyí tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún òun, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ á tọ́. Ẹja tó bá sì ti fọ́, orí òkìtì ni wọ́n ń gbé e sí, kí ẹni tó fẹ́ mú lè rí i. Bí Màmá ṣe ń pín àwọn agbábọ́ọ̀lù nìyẹn. Ṣóyẹmí kọ́kọ́ fẹ́ pe lọ́yà.

"Alhaja, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ síwèé."

"Bí o bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ, inú ìwé náà lo ti máa rẹ́ mi jẹ. Jókòó síbí, kó o wo ọwọ́ mi."

Àṣà kí wọ́n máa gbé èyí tó fọ́ sókè yìí kò mọ sórí ẹja àti bọ́ọ̀lù o. Lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ mi wá tọrọ mi, wọ́n ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tán, àwa náà ti fèsì, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Ni Màmá bá ní àwọn ní ọ̀rọ̀ kan.

"Ọmọ wa kàwé dáadáa. Ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n bó bá bínú, ó máa ń pẹ́ o. Kí ẹ má wá sọ pé a ò sọ fún yín."

Àwọn àna rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí Màmá lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, mo béèrè ìdí tí wọ́n fi dójú tì mí. Wọ́n ní, "Wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì tún mú ọ. Kí ló tún kù tó ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Múfú nìkan ni kò rí ọgbọ́n kankan nínú gbogbo èyí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ikọ̀ àkọ́kọ́, torí àwọn ni wọ́n ń ya fọ́tò wọn. Ó máa ń pe ikọ̀ kejì ní "àwọn ìyókù." Lọ́jọ́ kan tí oúnjẹ délẹ̀, ó ní kí àwọn ìyókù dúró ná. Màmá gba ìkòkò ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ọmọ, wọ́n sì kọ́kọ́ bù fún ikọ̀ kejì, abọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ẹja lé e. Múfú ní, "Màmá, àwa la ní ìdíje lọ́la o."

"Àwọn wọ̀nyí ní tiwọn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ lọ wá fèrè rẹ."

Bí wọ́n bá yá ọmọ fún ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n á fún un ní ẹní àti ẹja yíyan tó máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí àwọn tó gbà á má baà sọ pé ó wá jẹ àwọn run. Sàlíù, ẹni tó dúró síwájú lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n yá a fún ẹgbẹ́ kan ní Ìbèṣè fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi padà dé, ó gbé ẹní lérí, ó ń sunkún pé wọ́n ní kí òun máa fọ abọ́. Màmá kò jẹ́ kó wọlé. Wọ́n dì í lọ́wọ́ mú lọ sínú ọkọ̀ tó gbé e wá, awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Wọn ò pè ọ́ wá ṣe àlejò. A yá ọ ni. Máa fọ abọ́, kó o tún máa fọ̀ ọ́ mọ́."

Ẹ ti rí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ báyìí. Ó kan ọ̀rọ̀ ọmọ mi.

Tájú lọ gbé lọ́dọ̀ Màmá nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó lè wà nínú ikọ̀ kejì. Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kì í ṣe torí pé èmi ni mo bí i ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Múfú tí kì í yin ẹnikẹ́ni pàápàá sọ ọ́. Òun àti Díméjì ni wọ́n dára jù nínú àwọn mẹ́jọ tí wọ́n fẹ́ pín lọ́dún yẹn. Oṣù kan kí ọjọ́ ìpín tó pé, orúnkún òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Èmi ni mo ń fi omi gbígbóná àti òrí pa á fún un nígbà tí mo bá wá, èmi náà ni mo sọ fún Màmá, ní àṣírí, pé kí wọ́n bá mi fi àdúrà sí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé kó má jáde lẹ́nu wọn. Wọn ò fèsì. Mo gbà pé wọ́n ti gbà.

Lówùúrọ̀ Sátidé kan ni wọ́n pín wọn níwájú ilé ẹja. Màmá ti pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka, ọmọ mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Díméjì wà lọ́tùn-ún, Tájú wà lósì. Òkìtì méjèèjì dọ́gba. Ṣóyẹmí rìn yí wọn ká, ó sì dúró níwájú Tájú. Mo rí ojú rẹ̀. Ó ti fẹ́ mú un.

Màmá ní, "Dúró ná. Orúnkún òsì ọmọ yìí wú. Ó ti tó oṣù kan."

Ṣóyẹmí kúnlẹ̀, ó tẹ orúnkún náà, Tájú pariwo. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Alhaja. Màá mú tọ̀tún."

Mo sọ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn tí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ sí àgbà. Mo ní wọ́n ti ta ọmọ mi. Mo ní ìṣòtítọ́ wọn kì í pa ẹlòmíràn lára bí kò ṣe àwọn tó fẹ́ràn wọn. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ẹsẹ̀ ló ń dun ọmọ náà. Jẹ́ kó sinmi oṣù mẹ́fà. A ṣì máa pín lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mi ò lè dúró fún oṣù mẹ́fà. Díméjì ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkòròdú, àwọn èèyàn ti ń wá wò ó, ní gbogbo ìgbà tí mo bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Agric, ara mi á gbóná. Oṣù kejì, Tájú wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún un pé Màmá ti ránṣẹ́, wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá, kó lọ bá Ṣóyẹmí fún ìgbà díẹ̀. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó fò sókè, lórí orúnkún yẹn. Mo ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ pé ó ń kàwé fún ìdánwò. Lẹ́yìn náà mo mú un lọ sí Ìpakodò, mo sì jókòó níwájú Ṣóyẹmí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Orúnkún rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Màmá ní kí n sọ fún yín pé ó ti san. Wọ́n ní àwọn yá a fún yín títí ọdún á fi parí."

Kò béèrè ìwé dókítà. Ẹ wo ohun tó sọ, ó ṣì wà létí mi: "Obìnrin tó sọ pé ó wú nígbà tí kò sí èrè níbẹ̀ fún un, bó bá ti sọ pé ó ti san, ó ti san nìyẹn." Òtítọ́ tí Màmá fi gbogbo ayé wọn kọ́ ni mo fi ra àyè fún irọ́ mi. Mi ò sì ní dá Ṣóyẹmí láre pátápátá. Ó rí ọmọ náà tó ń tiro lẹ́yìn ìdíje kejì, ó sì tún fi í sínú ẹ̀kẹta. Nínú ẹ̀kẹta yẹn ni iṣan orúnkún náà já. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Ṣóyẹmí kò jókòó nígbà tó dé Ẹ̀pẹ́. Gbogbo wa wà níbẹ̀: èmi, Múfú, àwọn ọmọ ikọ̀ kejì, àwọn obìnrin ilé ẹja. Tájú wà ní ọsibítù.

"Alhaja, ṣé ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé orúnkún ọmọ yìí ti san?"

Màmá wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. Ó pẹ́ tí wọ́n fi wò mí.

Wọ́n ní, "Èmi ni. Ẹ má bínú."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn, láyé wọn, tí mo mọ̀ pé wọ́n gbé èyí tó fọ́ sí ìsàlẹ̀. Nítorí mi ni. Ṣóyẹmí ní òun kò ní bá wọn pín nǹkankan mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yá ọmọ fún, kò sẹ́ni tó gba ọmọ lọ́wọ́ wọn mọ́. Kí ọdún tó yípo, ikọ̀ kejì ti tú ká. Múfú ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, ó ní ìyá òun ti ń ṣarán, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́. Mo gbọ́, mi ò sì bá a wí. Nígbà tí Tájú jí ní ọsibítù tó béèrè bóyá lóòótọ́ ni Màmá jẹ́wọ́, mo ní lóòótọ́ ni. Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń tan ara mi: mo ń sọ pé bí wọ́n bá ti pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọmọ mi á ti lọ sí Ìkòròdú, á ti sinmi níbẹ̀, kò ní sídìí láti parọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìbínú yẹn pẹ́ o.

Oṣù tí Màmá lò kẹ́yìn láyé, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìrìn mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, "Màmá, lórí ọ̀rọ̀ Tájú," wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè.

"Sìdí, èmi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún."

Mo ṣèlérí. Mo padà sí Ìkòròdú, mi ò sọ ọ́. Wọ́n kú, mi ò sọ ọ́. Mo wo ọmọ mi bó ṣe dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn lọ́jọ́ ìsìnkú, mi ò sọ ọ́. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, òun ló fi ọkọ̀ gbé mi padà sílé. Nígbà tó dúró níwájú géètì mi, mo ní kó pa ẹ́ńjìnnì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sunkún, kó má baà rò pé mò ń bẹ̀bẹ̀.

Ó yíjú sí mi.

"Mọ́mì, ṣé wọ́n mọ̀ pé mo rò pé àwọn ni?"

"Wọ́n mọ̀."

"Títí wọ́n fi kú?"

"Títí wọ́n fi kú."

"Wọ́n béèrè mi rí?"

"Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ. Wọ́n á béèrè bóyá o ti gbéyàwó. Nígbà tó o gbéyàwó, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀. Mi ò jíṣẹ́ fún ọ."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi. Ó bọ́ sílẹ̀, ó tiro yí ọkọ̀ ká, ó di apá mi mú kí n má baà ṣubú, bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó wọlé jẹun. Ó ní rárá.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé kọ. Ẹ kọ ọ́ kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kà á, kí Ọ̀gá Ṣóyẹmí kà á bó bá wà láyé. Ẹ fi orúkọ yín sí i."

Ó ti di oṣù kan báyìí tí kò tíì padà wá. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò sì sọ ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀.

Orúkọ mi ni Sìdíkátù, ọmọ-ọmọ Alhaja Ràbíátù. Màmá Ẹ̀pẹ́ kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo mú ọmọ náà lọ.